Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jí Nínú Ilé: Ọmọ Ọ̀dọ̀ Obìnrin Nínú Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìgbà Ọbabìnrin Victoria

  

Ẹgbẹ́ òǹkàwé ni ẹgbẹ́ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà fún. Ẹni tó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, tó bá Lápàdé, akọni inú rẹ̀, sáré lé ọ̀daràn, kò ní béèrè mọ́ pé kí ni adùn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀rọ̀ tòní gba òkè òkun lọ, ó di Ìlú Ọba, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí oyè láti 1837 títí di 1901, tí irú ìtàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ayé mọ Sherlock Holmes. Ẹni tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ pè jáde ni ọmọbìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún Holmes, tó gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti padà sí ilé ìdáná kí òǹkàwé tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń mú un wọ gbogbo yàrá. Nítorí pé ó ń wọ gbogbo yàrá, òun ni ẹlẹ́rìí tó mọ ilé jù. Nítorí ìdí kan náà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà mọ èyí dunjú, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ ìtàn wọn kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọbìnrin náà sọ.

Ta ni ọmọbìnrin yìí?

Nígbà ìkànìyàn ọdún 1851, àwọn tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Bìrìtéènì ti lé ní mílíọ̀nù kan, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí obìnrin pọ̀ nídìí rẹ̀ tó èyí ní gbogbo ìgbà Victoria. Ilé àwọn ọlọ́lá a máa ní ogúnlọ́gọ̀ ìránṣẹ́, tí oníkálùkù ní ààyè tirẹ̀: olórí ìránṣẹ́, alásè, ìránṣẹ́bìnrin tó ń bá ìyáàfin múra, ọmọ ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ kejì. Ilé akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù a máa ní ẹyọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo, òun ni yóò sì ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní 1861 ni Isabella Beeton gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtọ́jú ilé jáde. Ó to iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀. Kí àwọn onílé tó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun àárọ̀, ọmọbìnrin náà yóò ti ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀, yóò ti kó eérú ààrò, yóò ti fi ọ̀dà dúdú kun irin rẹ̀, yóò ti dáná, yóò ti gbálẹ̀, yóò ti nu eruku. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé omi gbígbóná gorí àtẹ̀gùn, tí yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì gbé omi ẹ̀gbin sọ̀ kalẹ̀. Owó rẹ̀ lọ́dún, bí Beeton ṣe kọ ọ́, wà láàárín pọ́n-ùn 12 sí 20. Ọmọbìnrin tó ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé ń gba pọ́n-ùn 9 sí 14.

Ohun tó wá le jù ni ìwé ẹ̀rí ìwà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó fẹ́ ríṣẹ́ níbòmíràn gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ rere wá láti ẹnu ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Òfin kò sì fi dandan lé ọ̀gá pé kó kọ ọ́. Láti 1792 ni òfin mìíràn ti wà tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe ayédèrú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó bá bínú lé ọmọbìnrin jáde láìfún un níwèé ti gba oúnjẹ ọ̀la lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí nínú ìtàn, ìgbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá dákẹ́ lójú ọlọ́pàá, ẹ̀rù ọ̀daràn kọ́ ló máa ń bà á nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ìwé yìí ni.

Ẹ wá wo irú ìmọ̀ tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fún ènìyàn. Ó mọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́jú. Ó mọ ìwé tí wọ́n jó nínú ààrò, torí òun ló kó eérú rẹ̀. Ó mọ bàtà tó dé lóru pẹ̀lú ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ní London ìgbà náà, ògiri náà ní ọwọ́, ó sì ń gbálẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1840, ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń jẹ́ Sarah Mancer sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé Lord William Russell ní Norfolk Street, lẹ́bàá Park Lane ní London. Ó bá ìsàlẹ̀ ilé ní rúdurùdu, ẹrù nílẹ̀ káàkiri. Ó ké sí François Courvoisier, ìránṣẹ́kùnrin tó ń bá ọ̀gá múra. Àwọn méjèèjì jọ wọ yàrá ọ̀gá wọn, wọ́n sì bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti dú u lọ́fun. Courvoisier tó jọ ń wo òkú náà gan-an ni apànìyàn. Wọ́n yẹgi fún un ní oṣù keje ọdún náà. Mancer jẹ́rìí nílé ẹjọ́, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìlẹ̀kùn, fèrèsé àti ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan máa ń wà, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn wọ́n lójoojúmọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1842, ni àwọn ọlọ́pàá London tó dá ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń wo rúdurùdu ilé, ó ti ń mọ èyí tó yí padà níbẹ̀, kí ìjọba tó yan ẹnikẹ́ni sídìí iṣẹ́ náà.

Àwọn òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí irú ẹlẹ́rìí yìí lọ. Nínú ìwé Robert Louis Stevenson lórí Dókítà Jekyll àti Ọ̀gbẹ́ni Hyde, èyí tó jáde ní 1886, ọmọ ọ̀dọ̀ kan jókòó sójú fèrèsé lóru, òṣùpá ń ràn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí bí Hyde ṣe fi ọ̀pá lu Sir Danvers Carew pa. Ó dákú. Ìgbà tó jí ló tó pe ọlọ́pàá. Òun nìkan ni ojú rẹ̀ tó o, òun náà ló sì dá ojú Hyde mọ̀, torí Hyde ti wá kí ọ̀gá rẹ̀ rí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kò sẹ́ni tó lè so ikú náà mọ́ orúkọ Hyde kíá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Stevenson kò sọ orúkọ tirẹ̀ fún wa.

Arthur Conan Doyle fi ọgbọ́n mìíràn kún un nínú The Crooked Man, ìtàn Holmes kan tó jáde ní 1893. Tọkọtaya kan ń jà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, Jane Stewart, gbọ́ ohùn ìyáàfin tó ń fi ìbínú dárúkọ Dáfídì. Ọkọ kò jẹ́ Dáfídì. James lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bá ọkọ ní òkú, ìyàwó sì ti dákú. Etí ọmọbìnrin náà gbọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ìgbẹ̀yìn ni Holmes tó rántí Bíbélì: Dáfídì ọba tó rán Ùráyà lọ síbi tí ogun ti gbóná, kó lè gba ìyàwó rẹ̀. Ọkọ tó kú yìí náà ti fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́ ní Íńdíà nítorí obìnrin náà. Holmes ló túmọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀ràn aṣọ àwọ̀sùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí.

Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 1860, wọ́n pa ọmọdékùnrin kan, Saville Kent, ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Road Hill ní Wiltshire. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Inú ilé ìyàgbẹ́ ìta ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n ti tì lálẹ́, nítorí náà ẹni inú ilé ló ṣe é. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ta wá ni wọ́n kọ́kọ́ mú? Elizabeth Gough, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà, tó sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú un, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú u sílẹ̀.

Jonathan Whicher, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Scotland Yard, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá London, kò tẹ̀lé ọ̀nà yẹn. Ó béèrè iye aṣọ àwọ̀sùn tí Constance, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé, ní. Mẹ́ta ni; méjì ló kù. Ọ̀rọ̀ wá kan Sarah Cox, ọmọ ọ̀dọ̀ tó kó aṣọ ìdọ̀tí sínú agbọ̀n fún alágbàfọ̀. Cox dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun kó aṣọ náà sí i. Ó tún rántí pé bí òun ṣe ń kó aṣọ lọ́wọ́, Constance wọlé, ó ní kí òun wo àpò aṣọ kan bóyá pọ́ọ̀sì òun wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó rán òun lọ bu omi wá. Whicher wò ó pé ìgbà tí Cox lọ bu omi ni ọmọbìnrin náà yọ aṣọ kan padà, kí ẹ̀bi aṣọ tó sọnù lè wá sórí alágbàfọ̀. Ife omi kan ni gbogbo ìrònú rẹ̀ so mọ́. Ilé ẹjọ́ kò gbà á, àwọn ìwé ìròyìn sì bú Whicher pé ó ń ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Ní 1865 ni Constance fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì lo ogún ọdún níbẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú ọmọ náà, ní 1868, Wilkie Collins bẹ̀rẹ̀ sí í gbé The Moonstone jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú All the Year Round, ìwé ìròyìn Charles Dickens. Ó fi olè dáyámọ́ńdì rọ́pò ìpànìyàn, ó sì sọ aṣọ àwọ̀sùn ẹlẹ́jẹ̀ di èyí tí ọ̀dà kùn. Dáyámọ́ńdì ọ̀hún ti ilẹ̀ Íńdíà wá; jàgídíjàgan ogun Seringapatam ní 1799 ló gbé e dé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ta Rachel Verinder lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ní Yorkshire, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ó ti dàwátì. Ọ̀dà tútù wà lára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, aṣọ ẹnì kan sì ti nù ún kọjá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Cuff ní kí wọ́n wá aṣọ tó ní ọ̀dà náà lára, ó sì ní kí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ aṣọ fífọ̀ wá.

Ibí yìí ni Rosanna Spearman ti wọlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ kejì nínú ilé náà ni. Èjìká rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Ó ti jalè rí, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, ilé àtúnṣe ìwà ni Lady Verinder, ìyá Rachel, ti lọ mú un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó dákẹ́ jù. Yóò yà yín lẹ́nu pé Collins fi gbogbo àmì ẹlẹ́bi sára rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ti yọ, bí ẹni ń pe òǹkàwé láti wá ṣe àṣìṣe.

Rosanna ló lọ tún yàrá Franklin Blake, àlejò kan nínú ilé náà, ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí dáyámọ́ńdì sọnù. Ó rí ọ̀dà lára aṣọ àwọ̀sùn ọkùnrin náà. Ó gbé aṣọ ọ̀hún pamọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó yọ́ lọ sí ìlú Frizinghall lọ ra aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, ó dáná, ó sì rán aṣọ tuntun tó jọ ti tẹ́lẹ̀ kí iye má baà dín. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì sọ fún Cuff. Cuff sì mọ̀ ọ́n! Ó mọ̀ pé ẹnì kan ti rán aṣọ rọ́pò aṣọ. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà kò pamọ́ fún un. Ọkàn rẹ̀ ló pamọ́: Cuff rò pé Rachel, ọmọ onílé, ni Rosanna ń ṣiṣẹ́ fún. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ọmọ ọ̀dọ̀ tí èjìká rẹ̀ kò dọ́gba lè dá nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan, kó sì máa dáàbò bò ó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Bẹ́ẹ̀, Franklin Blake fúnra rẹ̀ ló ń ṣáájú ìwádìí. Dókítà kan ti fi oògùn opium sínú ohun tó mu láìsọ fún un, ó sì gbé dáyámọ́ńdì náà lójú oorun láìmọ̀. Ẹlòmíràn ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó sá lọ. Rosanna rò pé olè ni ọkùnrin náà, pé olè bíi tòun ni, ó sì tún nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ sí i. Franklin kò tilẹ̀ rí i bó ṣe ń kọjá. Ọmọbìnrin náà lọ fi ara rẹ̀ fún yanrìn etí òkun kan tó máa ń gbé ohun gbogbo mì.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ì bá parí tirẹ̀ síbẹ̀. Collins fún un ní lẹ́tà. Lẹ́tà náà gùn gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lucy Yolland, ọmọ apẹja tó yarọ, ló tọ́jú rẹ̀ bí ọdún kan kó tó fi ìbínú gbé e fún Franklin. Ìlànà inú rẹ̀ ló mú Franklin dé etí yanrìn, tó fa ẹ̀wọ̀n irin kan, tí àpótí páànù kan sì tẹ̀ lé e jáde. Aṣọ àwọ̀sùn tí gbogbo ilé ti ń wá ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ni Franklin bá lára aṣọ náà. Ohun tó fọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lókìkí jù ní England lójú, ọmọ ọ̀dọ̀ ti mọ̀ ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kìíní.

Afurasí àkọ́kọ́

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí nǹkan bá sọnù nílé ọlọ́lá, ẹni tó kéré jù nínú ilé ni ojú ń lọ sí. Conan Doyle fi èyí ṣeré nínú The Beryl Coronet, 1892. Adé kékeré olókùúta iyebíye tí wọ́n fi dúró fún owó yíyá bàjẹ́ nílé olówó báńkì kan, òkúta mẹ́ta sì di àwátì. Mary, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò onílé tó ń tọ́ lọ́dọ̀, rọra na ọwọ́ sí Lucy Parr, ọmọ ọ̀dọ̀ tó rẹwà: ó jáde lóru lọ bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, bóyá àwọn méjèèjì ló gbìmọ̀ pọ̀. Òótọ́ ni Lucy jáde. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́, ẹsẹ̀ igi ló sì ní, Holmes rí ojú ẹsẹ̀ igi náà nínú yìnyín. Ìfẹ́ lásán ló gbé wọn jáde. Mary tó ń fẹ̀sùn kàn án gan-an ló gbé adé náà fún olólùfẹ́ tirẹ̀ lójú fèrèsé. Obìnrin méjì, ọkùnrin méjì, ìpàdé òru méjì. Ọ̀kan ni ayé ń fura sí, èkejì ló jalè.

Kò yẹ kí a wá sọ pé mímọ́ ni gbogbo ọmọ ọ̀dọ̀ inú ìtàn. Nínú The Blue Carbuncle ti ọdún kan náà, Catherine Cusack, ìránṣẹ́bìnrin ìyáàfin ọlọ́lá kan, wà nínú ìmọ̀ tó jí òkúta iyebíye ọ̀gá rẹ̀. Òun ló tú àṣírí rẹ̀ fún James Ryder, òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fi ẹ̀bi lé oníṣẹ́ páìpù omi kan lórí torí pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Holmes dárí ji Ryder, ó ní kó máa lọ. Ní ti Catherine, ìtàn gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn òǹkàwé ìgbà náà ní orísun láyé gidi. Ní 1849 ni wọ́n yẹgi fún Maria Manning tòun ti ọkọ rẹ̀ ní gbangba ní London fún ìpànìyàn. Ó ti ṣe ìránṣẹ́bìnrin àwọn ìyáàfin ọlọ́lá rí. Dickens wà láàárín èrò tó wò ó, ó sì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Times láti tako irú ìran bẹ́ẹ̀. Láti ara obìnrin yìí ló ti mọ Hortense, ìránṣẹ́bìnrin ará Faransé tó pa lọ́yà nínú Bleak House, ìwé tó jáde ní ìdá-ìdá láàárín 1852 sí 1853. Ní 1879, Kate Webster pa ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní Richmond, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ń dúnàádúrà lórí àga àti tábìlì rẹ̀. Wọ́n yẹgi fún òun náà.

Èyí tí kò ní ìdáhùn rárá ni Rachel Howells inú The Musgrave Ritual, 1893. Ọmọ Wales ni, ọmọ ọ̀dọ̀ kejì nílé Hurlstone ní Sussex. Brunton, olórí ìránṣẹ́, ti bá a ṣe àdéhùn ìgbéyàwó kó tó já a sílẹ̀ nítorí ọmọbìnrin mìíràn. Nígbà tí Brunton mọ ibi tí ìṣúra ìgbà àtijọ́ wà lábẹ́ òkúta kan, òkúta náà wúwo ju agbára ẹnì kan lọ. Ẹni tó lọ bẹ̀ ni Rachel. Brunton wọ inú ihò, ó gbé ìṣúra sókè fún un, òkúta sì padà dé. Ṣé igi tó gbé e ró ló yẹ̀, àbí ọwọ́ kan ló yọ ọ́? Holmes fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Àpò tí Rachel jù sínú omi ni wọ́n rí. Adé ọba Charles Kìíní tó ti wó ló wà nínú rẹ̀. Rachel kò sí níbi kankan. Nínú ìtàn tó kún fún ìdáhùn, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló mú ìdáhùn tirẹ̀ lọ.

Aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀

Aṣọ olódòdó láàárọ̀, aṣọ dúdú lọ́sàn-án, épúróònù funfun, fìlà funfun: ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń wọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti bọ́ sínú agọ̀ eégún: aṣọ ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí ara tó wà nínú rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé rí àǹfààní ibẹ̀ kíákíá. Nínú Bleak House, nígbà tí Lady Dedlock fẹ́ lọ wo sàréè olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, aṣọ ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ló wọ̀ jáde.

Ní 1864, nígbà tí Scotland Yard kò tíì ní obìnrin kankan lára àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ti ní. Mrs Paschal, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin inú ìwé kan tó jáde lọ́dún náà, gba iṣẹ́ ìránṣẹ́bìnrin nílé ìyáàfin tó ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà, ní 1894, Catherine Louisa Pirkis kó ìtàn Loveday Brooke jọ sí ìwé. Loveday kò ga, kò kúrú, ojú rẹ̀ kò ṣeé rántí, àìṣeérántí yìí gan-an sì lohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wọ ilé ọlọ́lá, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń jáde. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Pirkis ti yé e pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé, ẹ̀yìnkùlé ni kó gbà wọlé.

Holmes náà mọ ẹ̀yìnkùlé. Nínú ìtàn Charles Augustus Milverton, èyí tó jáde ní 1904 lẹ́yìn ikú ọbabìnrin, tí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà ayé rẹ̀, ọ̀daràn tí ìtàn náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ra lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìránṣẹ́ tó ń da ọ̀gá wọn, ó sì ń fi wọ́n halẹ̀ gbowó. Holmes múra bí oníṣẹ́ páìpù omi, ó sì ń bá Agatha, ọmọ ọ̀dọ̀ Milverton, jáde títí ó fi ṣe àdéhùn ìgbéyàwó pẹ̀lú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ilé náà ṣe rí ni. Watson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í sábà bá a wí, béèrè pé ọmọbìnrin ńkọ́. Holmes mi èjìká, ó ní ọkùnrin mìíràn wà tó ń fẹ́ ẹ. Lóru tó fọ́ ilé náà, ọ̀nà tí Agatha là sílẹ̀ ló tọ̀. Ìtàn kò padà sọ́dọ̀ Agatha mọ́.

Bí ó bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo Mary Jane, ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Watson. Nínú A Scandal in Bohemia, ìtàn tó gbé Holmes dé ìwé ìròyìn Strand ní oṣù keje ọdún 1891, Holmes wo bàtà Watson, ó rí ojú ọgbẹ́ mẹ́fà tó tò léra, ó sì sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ aláìnáání kan ló fi nǹkan ha ẹrẹ̀ kúrò. Ẹnu ya Watson sí ọgbọ́n náà. Ó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni, pé ìyàwó òun ti sọ fún un pé kó máa lọ. Gbogbo òǹkàwé ló ń rántí ọgbọ́n Holmes níbẹ̀. Ta ló ń rántí pé ọmọbìnrin kan ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì? Ẹrẹ̀ ta ló ń ha? Ẹrẹ̀ tí ọkùnrin náà rìn wọlé ni.

Ìgbà Victoria kò ṣaláìní ọmọ ọ̀dọ̀ tó kọ̀wé. Hannah Cullwick, tí wọ́n bí ní Shropshire ní 1833, kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ ilé. Arthur Munby, akéwì àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ń kọ ọ́ fún, ẹni tó fẹ́ ẹ ní ìkọ̀kọ̀ ní 1873. Bàtà tó nù, àtẹ̀gùn tó fọ̀, ààrò tó kùn, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìgbéraga oníṣẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà ní Trinity College ní Cambridge títí dòní. Ẹni tó bá kà á tán, tó padà sí Collins, yóò rí i pé lẹ́tà Rosanna kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́: àwọn ọmọbìnrin yìí ń rí, wọ́n ń rò, wọ́n ń ṣírò, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ohùn ọ̀gá àti ohùn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gbé ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ojú ọmọ ọ̀dọ̀ kà á. Ẹ béèrè ta ló dáná yàrá tí wọ́n ti rí òkú, ta ló gbé tíì wọlé, ta ló ka aṣọ. Ẹ béèrè kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bó bá sọ òótọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bó bá dákẹ́. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé tó wà níbí, tí ẹ ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè wa, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún yín: Collins nìkan kọ́ ló yẹ kó fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìwé kọ.